Abọ́ tó mọ ọ̀nà ilé: ìtàn oúnjẹ ọdún láàárín wa

Ẹ yá mi létí díẹ̀. Òwú gígùn lèyí, ìtàn wà nínú ẹ̀, oúnjẹ náà wà nínú ẹ̀. Ẹ fà àga sún mọ́ mi, ká jọ máa bọ̀.

Ohun tó mú mi kọ ọ́ rèé. Ní ọjọ́ 18 oṣù Dìsẹ́ńbà 2024, wọ́n pe àwọn ọmọdé wá ṣeré ọdún ní Baṣọ̀run, n'Ìbàdàn. Èrò pọ̀ ju àyè lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara wọn. Ọmọdé 35 ló kú. Ní ọjọ́ 21 oṣù yẹn, èèyàn 22 kú ní Okija, ní ìpínlẹ̀ Anambra, níbi tí wọ́n ti fẹ́ pín ìrẹsì. Ọjọ́ yẹn kan náà, èèyàn 10 kú ní Maitama, l'Ábújá, níbi tí ìjọ kan ti fẹ́ pín oúnjẹ Kérésì.

Ẹ rò ó pọ̀. Èèyàn 67. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin péré, nígbà tí ọdún kù fẹ́ẹ́fẹ́, níbi ẹ̀bùn.

Mi ò ní bú ẹnikẹ́ni níbí. Ẹni tó fẹ́ fún èèyàn lóúnjẹ kì í ṣe ọ̀tá èèyàn. Àwọn tó sì jáde nílé lọ gbà á, wọn kì í ṣe olójúkòkòrò. Lóṣù Júláì ọdún yẹn ni wọ́n fọwọ́ sí i pé ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù fún òṣìṣẹ́. Nígbà tí Dìsẹ́ńbà fi máa dé, owó àpò ìrẹsì kan lọ́jà ti kọjá ìyẹn. Ẹni tó fi odindi oṣù ṣiṣẹ́ ò lè ra àpò kan. Kí ni ẹ fẹ́ kó ṣe tó bá gbọ́ pé wọ́n ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́?

Ìbéèrè tèmi ni pé, báwo ni oore ọdún ṣe di ohun tí èèyàn ń tò sórí ìlà fún? Torí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀ láàárín wa. Ó pẹ́ gan-an tó jẹ́ pé oúnjẹ ọdún ló máa ń rìn lọ bá èèyàn nílé. Èèyàn kì í rìn lọ bá oúnjẹ. Ìtàn yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá ìbejì.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ Kérésì rí nílẹ̀ Yorùbá, ìyá ìbejì ti ń se ẹ̀wà. Ẹ̀wà elépo rẹpẹtẹ. Tó bá jinná, á pe àwọn ọmọ àdúgbò, wọ́n á jókòó, wọ́n á jẹ títí ikùn á fi yọ. Ṣé ẹ rí i, ìyá ìbejì mọ gbogbo ọmọ tó pè. Ó mọ èyí tí kì í jẹ ata. Ó mọ èyí tí ìyá ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí kò sí ẹni tó ń ráyè tiẹ̀. Ìbejì ló ni ọdún, ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ ló ń jẹun.

Àṣà yìí le débi pé òkun ò lè pa á. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, nígbà ogun abẹ́lé tiwa, wọ́n kó ọ̀pọ̀ Yorùbá lẹ́rú lọ sí Bahia, ní Brazil. Níbẹ̀ ni Ìbejì ti pàdé Cosme àti Damião, àwọn ẹni mímọ́ méjì ti ìjọ Àgùdà tí wọ́n jẹ́ ìbejì. Títí dòní, ní ọjọ́ 27 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, àwọn èèyàn Salvador ṣì ń se caruru: ilá tí wọ́n fi epo pupa sè, àkàrà ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọmọdé méje ló máa ń kọ́kọ́ jẹ. Wọ́n á yí abọ́ kan ká, wọ́n á fi ọwọ́ jẹ ẹ́, kí àgbà kankan tó fọwọ́ kan oúnjẹ.

Ẹ rò ó wò ná. Wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ àwọn èèyàn yẹn, wọ́n gba ilẹ̀, wọ́n gba èdè. Ohun tí wọ́n ò jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ àwọn ni pé bí èèyàn bá ń ṣọdún, ọmọdé àdúgbò ló yẹ kó kọ́kọ́ yó.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà wálé.

Ìsìláàmù ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá kí àwọn oníwàásù Kìrìsìtẹ́nì tó gúnlẹ̀. Òun ló fi ọ̀rọ̀ kan sí wa lẹ́nu: sàárà. Èdè Lárúbáwá ni orísun ẹ̀, àwọn oníṣòwò àti àwọn àlùfáà ló gbé e gba òkè ọya dé ọ̀dọ̀ wa. Sàárà ni ohun tó o yọ kúrò nínú tìẹ nítorí Ọlọ́run, tó ò sì retí kó padà. Àmọ́ lónìí, ta ni kì í ṣe sàárà? Mo ti rí ìyá ìjọ tó ń pín mọ́ínmọ́ín, tó ní sàárà lòun ń ṣe. Kò sì sẹ́ni tó bi í pé èwo ni ti sàárà nínú ọ̀rọ̀ Jésù.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹn nìkan. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, wọn ò wá ọ̀rọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Wọ́n mú àdúrà. Wọ́n mú àlùfáà. Wọ́n mú wàásù. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Mùsùlùmí ti ń lò ni gbogbo ẹ̀. Nígbà tí odindi Bíbélì Yorùbá fi jáde ní 1884, ọ̀rọ̀ mọ́ṣáláṣí ti jókòó sínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, ara sì tù ú níbẹ̀. Àwọn tó lè jọ lo ọ̀rọ̀ kan náà láti fi bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, ṣé ọbẹ̀ ló máa wá ṣòro fún wọn láti jọ lá?

Ẹ wá wo Iléyá.

Orúkọ yẹn gan-an ti sọ ìtàn fún wa: ilé yá, ó yá ká máa lọ sílé. Àwọn àlùfáà sì máa ń kọ́ni pé ó dára kí ẹni tó bá pa ẹran pín in sí mẹ́ta: apá kan fún ilé, apá kan fún ẹbí, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò, apá kan fún aláìní. Ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn nìyẹn. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún wà tí àwa ọmọ ìsinsìnyí máa ń gbàgbé: kò sí fìríìjì.

Ẹ fojú inú wò ó. Àgbò ńlá kan, wọ́n pa á láàárọ̀, nínú oòrùn tiwa yìí. Wọ́n lè dín díẹ̀, wọ́n lè yan díẹ̀ gbẹ, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù gbọ́dọ̀ kúrò nílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹran tó o bá há, ìdin ló máa bá ẹ jẹ ẹ́. Ibo wá ni àwọn èèyàn wa ń tọ́jú ẹran sí? Inú aládùúgbò ni. O gbé abọ́ ẹran fún ilé kejì lọ́jọ́ Iléyá. Ọjọ́ Kérésì, abọ́ ìrẹsì àti itan adìyẹ á rìn wọlé wá bá ẹ. Oṣù ojú ọ̀run ni Iléyá ń tẹ̀ lé, nǹkan bí ọjọ́ 11 ló fi ń sún síwájú lọ́dọọdún. Nígbà míì ó máa ń jìnnà sí Kérésì, nígbà míì ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kàn án. Ẹran yẹn lè wà ní ìpamọ́ fún oṣù mẹ́ta, ó lè wà ní ìpamọ́ fún oṣù mẹ́jọ. Kì í bàjẹ́.

Àwọn àgbà ní àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò ní. Mo ti máa ń gbọ́ òwe yẹn tipẹ́, àfi ìgbà tí mo ronú nípa abọ́ ọdún ló tó yé mi dáadáa. Oúnjẹ tí ọwọ́ kan ṣoṣo ń gbé wá, tí ọwọ́ kejì kàn ń gbà ṣáá, kì í dùn títí. Ohun tó mú ti abọ́ dùn ni pé kálukú ló ní ọjọ́ tiẹ̀ tó máa gbé e.

Ní ti èmi, ilé ìyá tó bí ìyá mi ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ ni mo pè é o, torí èmi ni wọ́n máa ń rán. Màmá á to abọ́ tánganran sórí tábìlì, ó fi ọ̀dà pupa kọ àmì sídìí wọn kí wọ́n má bàa sọnù sílé onílé. Á máa tọ́ka: "Èyí ti Ìyá Ìbàdàn. Èyí ti Bàbá Tíṣà. Èyí ti ilé Ìyá Délé. Kúnlẹ̀ kí wọn o, sọ pé wọ́n ní ẹ kú ọdún. Má jókòó." Mùsùlùmí ni Màmá. Ọmọ ìjọ ni Ìyá Délé. Bàbá Tíṣà, mi ò mọ ibi tó ń lọ títí dòní.

Abọ́ kì í sábà padà lófìfo. Wọ́n á fi ọsàn mẹ́ta sí i, tàbí ẹyin méjì, tàbí súgà oníhóró díẹ̀. Kì í ṣe owó ẹran o. Ó kàn jẹ́ ọ̀nà láti sọ pé ilé tiwa náà ní nǹkan ni.

Àmọ́ ẹ wá gbọ́ ibi tí ọgbọ́n wà. Tí mo bá ti padà dé, ìbéèrè tí Màmá máa kọ́kọ́ bi mí ni pé: "Ṣé o gbọ́ òórùn ọbẹ̀ níbẹ̀?" Tí mo bá ní mi ò gbọ́, kò ní sọ nǹkan kan. Tó bá tún ṣe díẹ̀, á rán mi padà sílé yẹn kan náà pẹ̀lú abọ́ kejì, èyí á wá tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Á ní kí n sọ pé òun gbàgbé ni.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ ohun tó ń ṣe. Torí pé gbogbo ilé ló ń gba abọ́, kò sí ẹni tó lè tọ́ka sí abọ́ kan pé ti aláìní nìyí. Lánlọ́ọ̀dù gbà. Opó gbà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò gbà, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró níbi iṣẹ́ náà gbà. Tí ebi bá wà nínú ilé kan, Màmá nìkan ló mọ̀, ọmọ tó gbé abọ́ gan-an ò sì mọ̀ pé òun ti rò ó. Oore ni, ó sì bo ojú ẹni tó gbà á. Ẹ fi wé ìlà tí ẹni méjì ń yà ní fọ́tò.

Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ló ń rìn lọ bá èèyàn, ẹ jọ̀ọ́. Lóṣù ààwẹ̀, oorun ni ìṣòro. Ta ló máa jí obìnrin tó ti ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ ṣú, kó lè jẹ sàárì kí ìrun àsùbáà tó pè? Àwọn ọ̀dọ́ ló máa ń dìde lóru, wọ́n á gbé ìlù, wọ́n á máa lọ láti òpópónà sí òpópónà, wọ́n á máa kọrin jí àwọn èèyàn. Wéré ni wọ́n ń pè é. Láti inú wéré ni Sikiru Ayinde Barrister ti jáde. Láti kékeré ló ti wà nínú ẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti mú orin tó sọ ní Fújì wá. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jó Fújì níbi àríyá, ẹ rántí ibi tó ti ṣẹ̀: ọ̀dọ́ tó fi oorun tiẹ̀ sílẹ̀ kí aládùúgbò má bàa gbààwẹ̀ lórí ikùn òfìfo.

Ó kan Kérésì báyìí.

Ní 1842, ní Àgbádárìgì, àlejò méjì pàdé. Thomas Birch Freeman ni ọ̀kan, oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì, adúláwọ̀ ni bàbá ẹ̀, òyìnbó ni ìyá ẹ̀. Ó ti lọ sí Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, ti gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tó máa padà dé Àgbádárìgì lọ́jọ́ 24 oṣù Dìsẹ́ńbà, ó bá Henry Townsend níbẹ̀, ti ìjọ Áńgílíkà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ìjọ méjì tí wọ́n ń wá ọmọ ìjọ ní ilẹ̀ kan náà ni wọ́n o. Ká ní òde òní ni, bóyá kálukú á ti gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn tiẹ̀ kalẹ̀. Wọ́n jọ ṣe Kérésì pọ̀ ni, lábẹ́ igi Agia. Igi yẹn wà níbẹ̀ títí di 1959 kó tó wó.

Ta ló pè wọ́n wá? Àwọn Sàró ni. Ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n ti tà lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun òyìnbó gbà sílẹ̀ lójú omi, tí wọ́n kó lọ sí Freetown. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọ̀nà ti là, wọ́n fi owó ara wọn wọ ọkọ̀, wọ́n ń padà bọ̀ nílé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, Àgbádárìgì ni wọ́n sọ̀ sí, ìlú tí wọ́n ti ń kó ẹrú sínú ọkọ̀ láyé ìgbà yẹn. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọdún òyìnbó lásán ni Kérésì tiwa. Àwọn tó ń padà wálé ló gbé e dání. Ìyẹn náà, Iléyá kan ni lọ́nà tiẹ̀.

Láti ìgbà yẹn ni Kérésì ti ń kọ́ àṣà abọ́. Ìrẹsì ló sì wá di oúnjẹ ẹ̀. Àwọn òbí wa máa sọ fún yín pé ìrẹsì kì í ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́ nígbà èwe wọn. Ọjọ́ ọdún ni, tàbí ọjọ́ Sunday bí owó bá wà. Ọmọ tó bá jẹ ìrẹsì lọ́jọ́ Kérésì kò ní fọ ọwọ́ tán, kí òórùn ọbẹ̀ lè pẹ́ lára ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí abọ́ ìrẹsì fi jẹ́ nǹkan ńlá. Ohun tó ṣọ̀wọ́n nílé tìẹ lo gbé fún ẹlòmíì, kì í ṣe àjẹkù.

Àwọn òyìnbó náà ní ọjọ́ oore tiwọn, ká má parọ́. Ọjọ́ kejì Kérésì ni. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ yẹn ni ọ̀gá máa ń fún ọmọ ọ̀dọ̀ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní àpótí ẹ̀bùn, ibẹ̀ ni orúkọ Boxing Day ti wá. Ní 1871, òfin sọ ọ́ di ọjọ́ ìsinmi lọ́hùn-ún. Ìjọba amúnisìn gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ọlidé ni dòní olónìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a fi ṣe. Ọ̀dọ̀ wa, ọjọ́ àbẹ̀wò ló dà. Àwọn ọmọdé á wọ aṣọ ọdún, wọ́n á máa ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún, wọ́n á sì gba bisikíìtì tàbí owó wẹ́wẹ́. Ẹ̀bùn tòyìnbó ń sọ̀kalẹ̀, láti ọwọ́ ọ̀gá sí ọwọ́ ọmọ iṣẹ́. Abọ́ tiwa máa ń lọ, ó máa ń bọ̀.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí abọ́?

Nǹkan púpọ̀ ni. Fìríìjì dé, ẹran lè dúró nílé fún oṣù kan, kò fi dandan mú ẹnikẹ́ni mọ́ láti pín in. A kúrò ní agboolé, a kó lọ sí ilé olóríṣiríṣi yàrá, a tún kúrò níbẹ̀, a kó sínú ẹ́sítéètì tí fẹ́ǹsì ẹ̀ ga ju ọlọ́run ń wò mí lọ. Èèyàn lè gbé ilé kan fún ọdún mẹ́ta kó má mọ orúkọ ẹni tó ń gbé lókè. Owó ìrẹsì sì wọ́n débi pé ẹni tó se kọ́ńgò méjì ń ti ilẹ̀kùn, kì í ṣe pé ahun ni, ẹ̀rù ló ń bà á pé kò ní kárí.

Nígbà tí abọ́ kéékèèké dáwọ́ rírìn dúró, oore ńlá ló gba ipò ẹ̀. Tírélà. Àpò tí wọ́n tẹ àwòrán olóṣèlú sí lára. Gbàgede. Ìlà. Kámẹ́rà. Oore tí kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Kò sì sí bí èèyàn ṣe lè gbé oúnjẹ fún ẹni tí kò mọ orúkọ ẹ̀, tí kò mọ ilé ẹ̀, àfi kó ní kó wá dúró níbì kan. Ibẹ̀ ni géètì ti ń há mọ́ ọmọdé.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa sọ pé, "Ṣé abọ́ ìrẹsì kan ló máa yanjú ebi Nàìjíríà?" Rárá o. Ọ̀rọ̀ owó oṣù, ọ̀rọ̀ owó ọjà, iṣẹ́ ìjọba ni, ẹ má jẹ́ ká fi sàárà bo ìjọba láṣìírí. Ẹni tó bá yẹ ká bi léèrè, ká bi í léèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé lójúkojú yín kò lè fi ìdáhùn ìjọba jẹun lọ́jọ́ Kérésì. Ohun méjèèjì ló yẹ ní ṣíṣe.

Tí ìjọ yín tàbí ẹgbẹ́ yín bá sì ní àpò ìrẹsì 50, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó èèyàn jọ sí ẹnu géètì. Ẹ bù ú sínú ọ̀rá kéékèèké. Ẹ pè àwọn ọ̀dọ́, ẹ pín òpópónà fún wọn, kí wọ́n gbé e lọ láti ilé dé ilé fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin. Ó máa gba àkókò. Kò ní rẹwà ní fọ́tò. Kò sì ní pa ẹnikẹ́ni.

Fún àwa tí a ò ní àpò kankan, nǹkan díẹ̀ rèé láti inú ìtàn tí mo sọ yìí.

Ẹ yan ilé mẹ́ta péré. Kì í ṣe ọgbọ̀n. Ilé mẹ́ta tí ẹ mọ orúkọ wọn. Tí ẹ ò bá mọ orúkọ, ẹ lọ bèèrè kí ọdún tó dé. Ìyẹn gan-an ti tó ẹ̀bùn.

Ẹ fi ilé kan tí kò ṣaláìní sí i. Mi ò ṣeré. Tó bá jẹ́ pé opó nìkan lẹ gbé abọ́ fún, gbogbo àdúgbò ti mọ ohun tí abọ́ yẹn túmọ̀ sí. Ẹ gbé fún lánlọ́ọ̀dù náà, kí ojú opó lè fò.

Ẹ rántí àwọn tí ọdún máa bá lẹ́nu iṣẹ́: mẹ́gáàdì tí ilé ẹ̀ jìnnà, nọ́ọ̀sì tó máa sùn sọ́sibítù, ọmọ tó ń ta epo bẹntiróò. Ẹ bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti jẹun, kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn.

Ẹ jẹ́ kí ọmọdé gbé abọ́. Ẹ má fi ọlọ́kadà ránṣẹ́ tó bá jẹ́ ilé kẹta sí tiyín. Ẹnu ọ̀nà lọmọ ti ń kọ́ bí a ṣe ń kí àgbà, ibẹ̀ náà ló ti ń mọ̀ pé ìlú tóbi ju yàrá tó ń sùn lọ. Tó bá padà dé, ẹ bi í bóyá ó gbọ́ òórùn ọbẹ̀.

Tó bá sì jẹ́ pé ọdún yìí, ilé tiyín gan-an ni ọbẹ̀ ò ti hó, ẹ má tijú láti ṣílẹ̀kùn fún abọ́ ẹlòmíì. Ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́. Tí ẹ bá ní ọsàn kan, ẹ fi sí i kó máa lọ. Tí ẹ ò bá ní, ẹ fọ abọ́ náà kó mọ́, ẹ bá wọn ṣàdúrà sí i. Ọdún mìíràn ń bọ̀, ẹ̀yin lẹ máa gbé tiyín jáde.

Kí àwọn ọmọ Baṣọ̀run sùn re. Kí gbogbo àwọn tó jáde nílé nítorí oúnjẹ ọdún tí wọn ò padà wọlé, ní Okija àti ní Maitama, sùn re. Àwa tó kù, ilé kẹta ò jìnnà.

Ẹ kú ọdún. Ọdún á yabo.